Nóòtù Tí Oyinadé Kò Kọ Tán

Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù kẹrin, 2025

Oyin, mo ṣí ilé-ìwé rẹ padà lónìí.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a tó jókòó. Mo mọ̀ pé aago mẹ́jọ géérégé ni tìrẹ. Ìní ló ń wá bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan, nítorí o ti sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni kì í fi ẹsẹ̀ lásán jókòó sídìí tábìlì yìí láti aago mẹ́jọ títí di méjìlá, pé ilé-ìwé ni, kì í ṣe pálọ̀. Ẹ̀yìn sìlíńdà gáàsì la ti rí i.

Mo mú rẹ́jísítà. Mo pe Oyèbọ́lá, ó ní, "Mo wà níbí." Mo pe Ìníolúwa, ó ní, "Mo wà níbí, sà," ó sì rẹ́rìn-ín nítorí kò pè mí ní sà rí. Mo fẹ́ pa á dé.

"Dádì, ẹ ò tíì pe tíṣà," Ìní wí.

Mo wò ó. Òótọ́ ni. O fa ìlà kẹta sábẹ́ orúkọ wọn, o kọ "Olùkọ́" sí i, o sì ń máàkì ara rẹ lójoojúmọ́ bíi tiwọn. Ọdún mẹ́rin lo fi ṣe ilé-ìwé yìí nínú ilé mi, mi ò ṣí rẹ́jísítà rẹ rí. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì lo máàkì gbẹ̀yìn, kí a tó gbé ọ lọ sí ọsibítù. Bọ́lá yára ní kí Ìní ka ẹsẹ Bíbélì rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀ padà nítorí bàbá rẹ̀. Mo fi ìlà yẹn sílẹ̀ lófìfo.

Nóòtù tí o kọ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo ń tẹ̀ lé. Gbogbo ohun tí wọ́n á ṣe lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀: ẹsẹ Bíbélì, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì. Mo ṣí i dé ẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ló dé. Mi ò fẹ́ ronú ọ̀sẹ̀ keje.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, Àǹtí Ìbídùn, ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí lẹ́yìn ìsìnkú pé òun gbà mí láàyè dé ìdánwò oṣù keje, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó ń kọ́ ọmọ nílé máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí àwọn ọmọ bá yege, kí n máa bá a lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Adó-Èkìtì ni wọ́n ń lọ lọ́dọ̀ òun, wọ́n á sì wọ ilé-ìwé bí ọmọ gbogbo ayé. Mo ní ó dáa. Ọ̀rọ̀ rẹ tí mo gbọ́ ketekete gbẹ̀yìn ni, "Gbénró, má jẹ́ kí wọ́n tú ilé-ìwé mi ká." Òun ni mo gbá mú.

Aago kan ni mo kúrò nílé lọ sí ṣíìfù ọ̀sán ní Ìlúpéjú. Mo ń kọ dáyárì yìí nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ló pín in fún wa ní Kérésì, o ní kí n máa kọ nǹkan sí i.

Ọjọ́rú, 30 oṣù kẹrin

Òjò láti ìdájí. Ìní bi mí bóyá òjò máa ń wọlé bá ọ nínú sàréè. Mo ní rárá. Mo ní kó ṣí ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù karùn-ún

Nóòtù rẹ fún Bọ́lá lónìí: "Pínpín ìdá. Iṣẹ́ mẹ́wàá." Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Ohun tí o mọ̀ sórí, o kò kọ ọ́.

Èmi náà ṣe wáẹ̀kì, mo gba páàsì nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjìdínlógún. Mo ronú títí, ó wá jọ pé ó padà sí mi lọ́kàn: tòkè lọ́nà tòkè, tìsàlẹ̀ lọ́nà tìsàlẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí pátákó: 3/4 ÷ 1/2 = 3/8. Bọ́lá tẹjú mọ́ pátákó náà.

"Ṣó yé ẹ?"

"Ó yé mi, sà."

Ó ṣe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bí mo ṣe fi hàn án, kò ṣi ẹyọ kan. Mo fi báírò pupa máàkì gbogbo rẹ̀, mo kọ "O káre" sísàlẹ̀ bí o ṣe máa ń kọ ọ́. Oyin, láti ọjọ́ tí o ti lọ, inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń kọrin lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù karùn-ún

Wọ́n ti fagi lé ṣíìfù ọ̀sán. Wọ́n ní epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n jù. Aago méje àárọ̀ sí méje alẹ́ ni gbogbo wa báyìí. Mo lọ bá ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Dàwódù, nídìí ẹ̀rọ tó ń ṣe kẹ́ẹ̀gì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé-ìwé àwọn ọmọ mi."

"Ilé-ìwé wo? Ṣebí ilé lẹ ti ń kọ́ wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni tíṣà wọn."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà! Gbénró oníkẹ́ẹ̀gì!" Nígbà tó rí ojú mi, ó fọwọ́ lé mi léjìká. "Má bínú. Ọwọ́ mi kọ́ ló wà. Tó o bá ṣì fẹ́ iṣẹ́ yìí, bọ́ọ̀sì á gbé ẹ láago mẹ́fà."

Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí. Kí ni a óò máa jẹ? Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó tì wọ́n?

Ọjọ́rú, 14 oṣù karùn-ún

Alhaja Sùlíyá, ìyá Màrdíyyàh, tó ń rán aṣọ ilé-ìwé ní fàráńdà tó kọjú sí tiwa, ló dá mi dúró bí mo ṣe ń wọlé.

"Bàbá Bọ́lá, mo gbọ́ pé àwọn ọmọ yìí á máa dá wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kí wọ́n gbé àga wọn wá sọ́dọ̀ mi."

"Alhaja, wọ́n máa ń kàwé ni."

"Kí wọ́n kó ìwé wọn wá. Ṣé ẹ̀rọ mi á gba ìwé lọ́wọ́ wọn ni?"

"Àwọn ìwé náà... ti onígbàgbọ́ ni."

"Ṣé mo ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí mi lára ni? Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbọ́ orin àárọ̀ ìyá wọn. Ẹ rí mi kí n dí etí rí?"

Báyìí, mo ń kọ iṣẹ́ ọjọ́ náà sórí pátákó kí n tó jáde láago mẹ́fà ku díẹ̀. Mo ń máàkì rẹ̀ nígbà tí mo bá dé. Bọ́lá ló ń pe rẹ́jísítà. Mo ní kó máa fi ìlà olùkọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù karùn-ún

Ìní ka ẹsẹ mẹ́fà nínú Sáàmù kẹtàdínlọ́gbọ̀n fún mi láìdúró mí. Ìní tí o máa ń fi bísíkíìtì bẹ̀ kó tó mú ẹsẹ kan sórí!

Mo bi Bọ́lá bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní òun kọ́kọ́ ka Bíbélì Yorùbá sókè lẹ́ẹ̀mejì, pé Alhaja ti mú un sórí kí òun tó kà á tán. Láti ìgbà yẹn, tí Ìní bá ti fo ọ̀rọ̀ kan, Alhaja á fi àlùmọ́gàjí kan tábìlì, ó di kó padà síbẹ̀rẹ̀. Bàbá Alhaja ló ní ilé kéú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Alhaja kò mọ ìwé òyìnbó kà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan bọ́. Ìní sín in jẹ fún mi: "Ṣé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lò ń fò bíi gọ́tà yẹn? Ó yá, látòkè!"

Mo rẹ́rìn-ín, mo wá rántí pé ìwọ ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù karùn-ún

Gáàsì ti di ẹgbẹ̀rún kan àti igba náírà kílò kan ní Ọgbà. Búrẹ́dì la jẹ. Mo sùn lọ sórí ìwé Gẹ̀ẹ́sì Ìní, mo da itọ́ sí i. Ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kẹfà

Mo dé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn.

Ti Ìní pé. Ti Bọ́lá, o kọ: "Kọ lẹ́tà sí" o kò sì kọ ẹni tó máa kọ ọ́ sí. Báírò náà fà sísàlẹ̀ díẹ̀, ó dúró. Bóyá nọ́ọ̀sì ló wọlé. Bóyá ìrora ni. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ń tẹ fóònù.

"Dádì, sí ta ni?"

"Sí ẹni tó bá wù ẹ́."

Ó kọ ojú ìwé méjì, ó ká a, ó fi sínú Bíbélì rẹ. Mi ò bi í.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù kẹfà

Iléyá. Alhaja gbé ẹran wá fún wa nínú abọ́ ńlá. Kó tó gbé e kalẹ̀, ó ní kí Ìní ka ẹsẹ keje. Lọ́jọ́ ọdún!

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kẹfà

Họ́lìdé ni, mo ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Mo gbọ́ ohùn Àǹtí Ìbídùn kí n tó rí i. Kò sọ pé òun ń bọ̀.

"Gbénró! Ta ló ń kọ́ ọmọ àbúrò mi ní Bíbélì lábẹ́ fàráńdà yẹn?"

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Alhaja ni, mà. Wọ́n ń bá mi gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ni."

"Alhaja! Híjáàbù lórí, Sáàmù lẹ́nu! Ṣé ohun tí Oyinadé fi iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ sílẹ̀ fún nìyí?"

Alhaja kò dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. "Ẹ kú ọ̀nà o, Ìyá Adó. Ẹ fìdí kalẹ̀. Ẹsẹ kọkànlá ni Ìní dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ín, ẹ bá a kà á lọ ká gbọ́."

Oyin, o mọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó na ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó fi ń darí àpéjọ àárọ̀ nílé-ìwé wọn. Ó ka kọkànlá. Ó dé àárín kejìlá, ó dúró. Àlùmọ́gàjí dún lórí tábìlì. Ìní ló bá a parí rẹ̀.

"Ojú ọ̀nà ló kó àárẹ̀ bá yín," Alhaja wí, ó sì fún un lómi.

Àǹtí mu omi náà. Kò bínú mọ́, ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, ó fa etí mi bí ọmọdé: "Mo gbọ́ Sáàmù o. Ìdánwò ni mo máa fi gbà gbọ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù kẹfà

Èmi ni mo ń kọ nóòtù fúnra mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ń kọ ọ́ bí ẹni ń gbẹ́ òkúta. Mo kọ "sáyẹ́ǹsì: ìdí tí òjò fi ń rọ̀," mo jókòó, mi ò mọ ìdí tí òjò fi ń rọ̀. Mo béèrè nínú wáásáàpù àwọn ìyá. Èmi nìkan ni ọkùnrin níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi mí sí i, wọn ò ṣe àwàdà mọ́. Ẹnì kan fi fídíò ránṣẹ́, dátà mi tán ní ìdajì rẹ̀.

Mo ti ń ṣe bí ẹni pé mo ń gbàdúrà pẹ̀lú àwọn ọmọ láàárọ̀. Ẹnu mi ló ń sọ ọ́. Ìwọ nìkan ni mo lè sọ fún: kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Mo ń kọ́ wọn ní ohun tí mi ò ní mọ́.

Ọjọ́rú, 2 oṣù keje

Àgbàrá wọ pálọ̀. Mo kọ́kọ́ gbé rẹ́jísítà rẹ sókè kí n tó gbé ìrẹsì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù keje

Wọ́n ṣe ìdánwò. Mo fi ọjọ́ kan tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Alhaja lọ aṣọ wọn títí ó fi le bíi pátákó, ó sì ní kí wọ́n má sáré. Mo jókòó níta pẹ̀lú àwọn ìyá. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ irun àti ìwé, wọ́n ń rọra sọ ọ́ nítorí mi. Nígbà tí Bọ́lá jáde, mo bi í pé báwo ni.

"Bí ẹ ṣe kọ́ mi ni mo kọ ọ́, Dádì."

Mo ra súyà fún wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù keje

Èsì dé sórí fóònù mi níbi iṣẹ́. Ìní yege nínú gbogbo rẹ̀. Bọ́lá: Bíbélì méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì mọ́kànlélọ́gọ́rin, ìṣirò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìyáàfin tó máàkì rẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kò gba ìdá kankan, àní ẹyọ kan, pé ọ̀nà tó gbà ṣe é ni kò dáa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tó gbà ṣe é. Ọ̀nà mi ni.

Àǹtí pè. Mo ti ń retí kó pariwo. Kò pariwo. "Bàbá Bọ́lá, mo rí i. Bíbélì wọn wú mi lórí. Tó o bá fẹ́, mo fún ẹ ní táàmù kan sí i."

Bí mo ṣe sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo lọ bá Alhaja, mo sọ fún un pé mo ti ba ọmọ mi jẹ́. Ó dá ẹ̀rọ dúró. Mi ò rí i kó dá a dúró fún ẹnikẹ́ni rí.

"Ìdá? Bọ́lá mọ ìdá o. Ó ti tó oṣù méjì tó bi mí pé tí òun bá ní aṣọ tó ku kọ́tà kó pé yáàdì kan, tí òun fẹ́ gé e ní ààbọ̀ yáàdì, ààbọ̀ yáàdì, mélòó ló máa jẹ́. Mo gé pépà fún un. Ẹyọ kan, ó sì ku ìdajì ẹyọ. Ẹyọ kan àti ààbọ̀. Ó ní, 'Ẹ ṣé, Alhaja, ẹ má sọ fún Dádì.' Mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú yín."

Mo wọlé. Mo mú ìwé ìṣirò rẹ̀, mo yí i padà, mo ṣí i láti ẹ̀yìn. Gbogbo ìdá tí mo fún un láti ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ló wà níbẹ̀, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ wẹ́wẹ́, ó ṣe é bó ṣe yẹ. Níwájú, tèmi, pẹ̀lú máàkì pupa. Lẹ́yìn, tirẹ̀, láìní máàkì.

Ọjọ́rú, 16 oṣù keje

"Bọ́lá, kí ló dé tó ò kọ eléyìí lọ́jọ́ ìdánwò?" Mo bi í lálẹ́ àná.

Ó ń ká etí ìwé náà.

"Sọ̀rọ̀. Mi ò bínú."

"Tí mo bá kọ ọ́, Àǹtí á bi mí pé ta ló kọ́ mi. Wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin. Wọ́n á ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, wọ́n á kó wa lọ."

"Àmọ́ bó o ṣe kùnà yìí náà, wọ́n lè kó yín lọ."

"Mo rò pé Bíbélì mi á gbé e." Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ẹ sì ti máàkì rẹ̀. Inú yín dùn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kọrin."

Mo gbé e mọ́ra. Ó ti ga, orí rẹ̀ kàn mí lágbọ̀n.

Mi ò sùn. Oyin, ohun tí mo rí nìyí: táàmù kan sí i, á tún fi pamọ́. Ọdún kan sí i, á ti mọ ìwé méjì kọ, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún ara rẹ̀. Ilé-ìwé rẹ kì í ṣe ibi tí ọmọ ń sá pamọ́ nítorí bàbá rẹ̀. Mo pe Àǹtí láàárọ̀. Mo ní mi ò fẹ́ táàmù kan sí i. Mo ní kó wá kó wọn.

Òun ló sunkún. Èmi ò sunkún.

Ohun kan ṣoṣo ni o bẹ̀ mí. Dárí jì mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù keje

Wọ́n lọ láago mẹ́fà. Alhaja ti rán aṣọ ilé-ìwé Adó fún wọn, ó fi àlàfo sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè máa dàgbà sí i. Ìní ní kí òun ka Sáàmù fún un ní ìkẹyìn. Ó ṣì í níbi méjì. Alhaja mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, kò kan tábìlì.

Bọ́lá mú lẹ́tà yẹn kúrò nínú Bíbélì rẹ, ó mú un lọ. Ó fi ìwé ìṣirò sílẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù keje

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù kẹjọ

Bàtà Ìní ẹsẹ̀ kan tún wà lẹ́yìn sìlíńdà. Mo fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù kẹsàn-án

Bọ́lá pè mí pẹ̀lú fóònù Àǹtí bí mo ṣe ń bọ́ bàtà iṣẹ́.

"Dádì, a ṣe ìdá lónìí. Tíṣà pè mí síwájú pátákó."

"Èwo lo kọ?"

"Tèmi."

"Wọ́n ní kí ni?"

"Wọ́n ní mo gbà á. Wọ́n ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Dádì, ṣé ẹ bínú?"

"Mi ò bínú, ọmọ mi. Tìẹ ni kó o máa kọ."

Lẹ́yìn tó ti pa fóònù, mo jókòó sídìí tábìlì rẹ. Mo wọ bàtà mi padà. Mo ṣí ìwé ìṣirò náà láti ẹ̀yìn, mo mú báírò pupa, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì èyí tó fi pamọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá yé mi, mo ń gé pépà bí Alhaja ṣe fi hàn mí, mo ń kà á títí á fi yé mi. Ó pẹ́ kí n tó parí rẹ̀.

Mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Gbogbo wọn ló gbà.